Ẹni tí ó Da Omi Síwájú: Ìrẹsì nínú Ooru

 

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó jókòó síbi yìí tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọ̀gbìn. Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀: ohun tí ẹnì kan sọ, ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti ohun tí ẹni náà ṣe lẹ́yìn tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tí ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn. Nígbà tí mo sì kẹ́kọ̀ọ́ náà dé ibì kan, mo rí i pé ọ̀rọ̀ sísọ àti ọ̀rọ̀ gbígbọ́ wà nínú iṣẹ́ tiwọn náà.

Àbúrò bàbá mi kan ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan. Lọ́dún kan, ó gbin ìrẹsì síbẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, kí ó lè kó o dé ọjà ṣáájú ìrẹsì òjò. Ìrẹsì náà hù dáadáa, ewé rẹ̀ dúdú minimini. Àsìkò tí ó yọ ṣírí ni oòrùn ń mú bí iná. Ojú ọjọ́ ṣú fún òjò, òjò kò rọ̀, odò sì ti fà. Nígbà tí ó yẹ kí àwọn ṣírí máa tẹrí ba nítorí ẹrù ọmọ tí wọ́n rù, ńṣe ni wọ́n dúró gánrangánran. A fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò, èèpo òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì aládùúgbò rẹ̀, tí a ti gbìn ṣáájú tirẹ̀ lódìkejì odò, gbó, ó sì yọmọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti ayé. Wọ́n ní aládùúgbò ni ó fọwọ́ kan oko. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àgbà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé ara wọn dé ojúbọ láti búra. Títí di òní, ìkíni àwọn méjèèjì kò tíì dán mọ́rán.

Ta ni ó jẹ ọmọ inú ìrẹsì náà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn nìyẹn.

Wákàtí kan péré

Irúgbìn ilẹ̀ olóoru ni ìrẹsì. Nígbà tí ó bá ṣì wà ní ewé lásán, ó lè fara da oòrùn tí yóò mú ẹ̀fọ́ rọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà láyé rẹ̀ tí ooru àpọ̀jù kò gbọdọ̀ bá a, ìgbà náà sì ni ìgbà ìtànná.

Òdòdó kékeré kan wà nínú èèpo kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí ṣírí. Àpò lẹ́búlẹ́bú mẹ́fà ni ó wà nínú òdòdó náà, àwọn ni akọ. Ilé-ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, òun ni abo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òdòdó bá fẹ́ là, èèpo yóò yà díẹ̀, àwọn àpò yóò bẹ́, lẹ́búlẹ́bú yóò sì dà sí ẹnu ilé-ọmọ. Nílẹ̀ olóoru, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí ọ̀sán gangan ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Òdòdó kan kì í là ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bí ó bá ti padé, ó padé náà nìyẹn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo òdòdó orí ṣírí kan fi ń là tán.

Bí ooru bá pọ̀ jù ní wákàtí yẹn, àwọn àpò kò ní bẹ́ bí ó ti yẹ. Lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ ni yóò dà sílẹ̀, èyí tí ó bá sì dé ẹnu ilé-ọmọ lè má lágbára láti hù wọ inú. Èèpo yóò padé lé òfo. Ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 tilẹ̀ fi hàn pé bí ara òdòdó fúnra rẹ̀ bá gbóná tó 33.7, ìpalára lè ti ṣẹlẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ara òdòdó ni mo wí, n kò wí afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká. A óò padà sórí ìyàtọ̀ yẹn láìpẹ́.

Ooru òru náà ní iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Ní Los Baños, ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí ilé ìwádìí ìrẹsì lágbàáyé tí a ń pè ní IRRI wà, àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àti ti ìkórè ọ̀pọ̀ ọdún jọ. Ní ọdún 2004 wọ́n kéde pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ooru òru bá fi ìwọ̀n kan péré gòkè, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìkórè ni ó ń lọ sí i. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ń ṣàlàyé rẹ̀ ni pé igi ń mí lóru. Bí òru bá gbóná, yóò mí ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì máa jẹ oúnjẹ tí ó fi gbogbo ọ̀sán sè.

Bí ọmọ bá sì ti wọnú èèpo tán, ewu kò tíì tán. Ooru lè mú kí hóró má kún dáadáa, kí inú rẹ̀ funfun bí ẹfun, kí ó sì máa fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Niigata ní Jàpáànì ní ọdún 2023 nìyẹn. Ooru ọdún náà le tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú ìrẹsì Koshihikari wọn, tí ó lókìkí jù lọ, fi pàdánù ipò kìn-ín-ní tí wọ́n máa ń fún un lọ́jà.

Àmù ìgbà ọyẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ara òdòdó àti afẹ́fẹ́. Kí ni ó lè mú kí òdòdó tutù nígbà tí afẹ́fẹ́ gbóná? Òógùn ni. Igi ń làágùn bí ènìyàn. Ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí pọ̀ lára ewé. Láti ibẹ̀ ni omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ ti ń jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí omi náà ti ń lọ, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti mu omi inú àmù rí mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú. Omi ń sun díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbà á, inú àmù sì ń tutù. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni omi àmù máa ń tutù jù? Ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí òǹgbẹ omi sì ń gbẹ òun náà. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí ara gbogbo ènìyàn ń yọ̀ tẹ̀tẹ̀ fún òógùn tí kò gbẹ, omi inú àmù kò fi bẹ́ẹ̀ tutù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò lè gbà mọ́.

Bí ọ̀ràn ìrẹsì ti rí gan-an nìyẹn. Ní agbègbè Riverina ní Ọsirélíà, afẹ́fẹ́ máa ń gbóná kọjá 40 nígbà mìíràn, síbẹ̀ ìrẹsì wọn ń yọmọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn ara ṣírí wò lóko, wọ́n bá a pé ó tutù ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìwọ̀n tí ó ju 6 lọ. Ní àfonífojì odò Senegal, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tí omi sì wà ní ẹsẹ̀ ìrẹsì, ìyàtọ̀ náà lè tó 9. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi tí kò sì sí atẹ́gùn, ṣírí lè gbóná tó afẹ́fẹ́, ó sì lè gbóná jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó wo kìkì iye tí tẹ̀mómítà fi hàn kò tíì mọ ohun tí ojú ìrẹsì ń rí. Ìwọ̀n 36 ní ìhà Sókótó àti ìwọ̀n 36 ní ìhà Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìyà kan náà.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe fún ìrẹsì ju ti oúnjẹ lọ, nígbà náà. Òun ni òógùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ ní ọ̀sẹ̀ ìtànná, a ti gba agbádá òógùn kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìbomirin tí ń ṣọ́ omi lò fi ń sọ ohun kan náà níbi gbogbo. Nínú ọ̀nà yìí, àgbẹ̀ a máa jẹ́ kí omi fà títí yóò fi lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sábẹ́ ilẹ̀, kí ó tó tún da omi sí i. Ihò tí ó fi ń wo omi náà ni ọ̀pá oníhò tí a rì mọ́lẹ̀. Ọ̀nà náà ń dín omi tí a ń lò kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn IRRI ni pé láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìtànná títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kí àgbẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ rárá; kí omi tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 5 wà lójú ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni a kì í ṣahun omi.

Omi tí ó dúró sójú kan nínú oòrùn lè gbóná bí omi ìwẹ̀, nítorí náà kí á rántí pé omi tútù ni a ń wí. Ní Jàpáànì, bí ooru bá dé lẹ́yìn tí ìrẹsì ti yọ ṣírí, àwọn àgbẹ̀ ibi tí omi odò pọ̀ sí a máa jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn wọ oko ní ìhà kan, kí ó sì máa ṣàn jáde ní ìhà kejì. Àwọn mìíràn a máa ṣí omi sílẹ̀ lálẹ́ kí ilẹ̀ lè sùn nínú ìtura.

Àrokò inú igi

Mo ti wí pé igi ń làágùn. Ta ni ó ń sọ fún ihò ara ewé pé kí ó ṣí tàbí kí ó pa dé? Igi kò ní ọpọlọ, kò ní iṣan ìmọ̀lára bí ẹranko. Síbẹ̀ gbòǹgbò mọ ohun tí ewé kò mọ̀, ewé sì ń ṣe ohun tí gbòǹgbò fẹ́. Àwọn ohun tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní họ́mónù. Ọ̀rọ̀ náà wá láti èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a sún nǹkan ṣiṣẹ́. Ernest Starling, onímọ̀ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú un wọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1905 nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara ènìyàn.

Bí ẹ bá bi mí ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ní èdè wa, àrokò ni n óò pè é. Ẹ ṣáà mọ àrokò: ohun kékeré tí ń rin ọ̀nà jíjìn, tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí sì ń ka ìtumọ̀ rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí iye owó bá yí padà, ìtumọ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni họ́mónù rí. Díẹ̀ bíńtín ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí iye rẹ̀ bá yí padà, tàbí bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, iṣẹ́ mìíràn ni yóò jẹ́.

Nínú oko ìrẹsì gan-an ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn àrokò wọ̀nyí. Àrùn kan wà ní Jàpáànì tí wọ́n ń pè ní bakanae, ìyẹn ọmọ irúgbìn òmùgọ̀, nítorí pé irúgbìn tí ó bá ṣe a máa ga kọjá àlà, a sì di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò lè so. Ní ọdún 1926, Eiichi Kurosawa tí ń ṣiṣẹ́ ní Taiwan fi hàn pé omi tí a ti mú kòkòrò olú àrùn náà kúrò nínú rẹ̀ ṣì lè mú kí irúgbìn ga bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú omi náà tí ń pàṣẹ. Teijiro Yabuta sọ ọ́ ní gibberellin ní ọdún 1935. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé igi fúnra rẹ̀ ń ṣe gibberellin níwọ̀nba, àti pé olú náà kàn ń sọ èdè igi fún igi láti tàn án jẹ ni. IR8, ìrẹsì kúkúrú tí IRRI gbé jáde ní ọdún 1966 tí ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Éṣíà, kúrú nítorí pé gibberellin tí ó ń ṣe kò pọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ooru, ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí mẹ́rin péré. Èkíní ni abscisic acid, tí a ń gé kúrú sí ABA. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, àrokò yìí a máa pọ̀ sí i nínú igi, iṣẹ́ tí ó sì ń jẹ́ fún ewé ni pé, omi ti ń tán, pa ilẹ̀kùn dé. Ewé a gbọ́, a pa ihò rẹ̀ dé. Ọgbọ́n ni èyí nínú ọ̀dá, nítorí pé ó ń dá ẹ̀mí igi sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ooru, òógùn dáwọ́ dúró, ara ṣírí sì gbóná. Igi gba ara rẹ̀ là, ó sọ ọmọ rẹ̀ nù.

Èkejì ni cytokinin, tí gbòǹgbò tí ara rẹ̀ dá máa ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àrokò pé kí ara máa pín, kí ó máa dàgbà ni. Ooru máa ń dín in kù nínú ṣírí, òdòdó a sì kéré níye. Ẹ̀kẹta ni auxin. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáànì fi hàn lára ọkà bálì pé ooru ń mú kí auxin dín kù nínú àpò lẹ́búlẹ́bú, àti pé bí a bá fi auxin kún un láti ìta, lẹ́búlẹ́bú tún lè dára. Ẹ̀kẹrin ni ethylene, tí í ṣe afẹ́fẹ́. Òun ni ó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Bí ó bá pọ̀ lára ìrẹsì nígbà ìnira, ewé a máa gbó kí àkókò gbígbó tó tó.

A lè béèrè wàyí pé, ṣé a kò lè ra àrokò wọ̀nyí nínú ìgò kí a fọ́n wọn sí oko? Àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò. Wọ́n ti fọ́n auxin, wọ́n ti fọ́n brassinosteroid, wọ́n ti fọ́n salicylic acid, wọ́n sì ti lo ohun tí ń dí ethylene lọ́wọ́. Nínú àwọn ìdánwò kan, ìrẹsì tí a fọ́n ọ̀kan nínú wọn sí so ju èyí tí a kò fọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí owó ẹyọ mẹ́fà. Bí iye bá yàtọ̀, bí ọjọ́ bá yẹ̀, bí irú ìrẹsì bá yàtọ̀, ìtumọ̀ a yí padà. Oògùn tí ó ga irúgbìn òmùgọ̀ náà kò ṣe é lóore. Àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò tí kò ní àkọlé tí ó yéni wá bá, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀.

Omi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nìyí. Omi tí a dà sí ẹsẹ̀ ìrẹsì kì í kàn án tutù lásán. Ó tún ń yí àrokò inú rẹ̀ padà. Gbòǹgbò tí ó wà nínú omi kò ní ìdí láti pariwo pé kí ewé pa ilẹ̀kùn dé. Ó ń rán cytokinin lọ sókè, ihò ewé ń ṣí, òógùn ń sun, òdòdó sì ń rí ìtura tí àpò rẹ̀ fi lè bẹ́. Ẹni tí ó bomi rin oko rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tọ́ ti fi àrokò ránṣẹ́ sínú igi láìra ìgò kankan. Bí ilẹ̀ bá sì gbẹ, tí a wá ń fọ́n họ́mónù sórí ewé, a dà bí ẹni tí ń tu ọmọ nínú tí kò sì fún un ní oúnjẹ.

Omi nìkan kò tó, pàápàá ní ìhà gúúsù tiwa tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kún fún omi. Níhìn-ín, ọjọ́ ìgbìn ṣe pàtàkì tó ìbomirin. Kí àgbẹ̀ ka ọjọ́ irúgbìn rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí ó rí i pé ìtànná kò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ooru le jù. Irúgbìn fúnra rẹ̀ sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. N22, ìrẹsì àtijọ́ kan láti Íńdíà, lókìkí fún ìfaradà ooru nígbà ìtànná. Ìrẹsì àbáláyé Áfíríkà tiwa, tí àwọn baba ńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń gbìn kí ti Éṣíà tó dé, a máa tètè là lówùúrọ̀; kí oòrùn tó gbóná janjan, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń wá irú ìwà bẹ́ẹ̀ láti fi sínú ìrẹsì tuntun.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi ojú àwọn ọmọ rí gbogbo èyí láìlo ohun olówó gọbọi. Ẹ mú tẹ̀mómítà méjì, ẹ fi aṣọ tútù wé ìdí ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ ṣe é nígbà ọyẹ́, kí ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Kí àwọn ọmọ kọ iye ìyàtọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ mú ṣírí ìrẹsì wá sí kíláàsì, kí wọ́n fi ìka tẹ èèpo kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ka iye tí ó yọmọ àti iye tí ó ṣófo. Bí ọmọ bá ti ka èyí tán, kò sí ẹni tí yóò tún lè sọ fún un pé aládùúgbò ni ó jẹ inú ìrẹsì.

Mo padà sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ àmù ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ọjọ́ tí ìrẹsì ẹnìkejì rẹ̀ tanná. A kà á, a rí i pé ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, odò sì kún. Ó ní, “Ìyẹn ni pé odò ni mo bá jà, tí mo wá ń bá ènìyàn jà.” Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó la ojú omi kan láti òkè odò, ó sì tètè gbìn. Ìrẹsì rẹ̀ kò yọmọ tán pátá, ṣùgbọ́n ṣírí rẹ̀ tẹrí ba.

Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.